Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Adọ̀dọ́ ọmọdé tí kò tíì ṣí kì í ṣe àrùn

Láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Abigi, ìkókó la ti ń dábẹ́ fún ọmọkùnrin, ìdí nìyẹn tí adọ̀dọ́ tí a kò gé fi ń já òbí láyà. Phimosis ni dókítà ń pe èyí tí kò ṣí, orúkọ tó dún bí àìsàn. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí tí Jakob Øster ṣe ní Dẹ́ńmáàkì, tó sì gbé jáde lọ́dún 1968, awọ náà ṣì lẹ̀ mọ́ orí okó ìdá 63 nínú 100 àwọn ọmọ ọdún 6 sí 7. Láàárín àwọn ọmọ ọdún 16 sí 17, ó ku 3 nínú 100. Ara fúnra rẹ̀ ló ń tú u. Ìdọ̀tí ńkọ́? Ẹ fomi wẹ ìta nìkan. Fífà á tipátipá ló ń dọ́gbẹ́, tí àpá rẹ̀ á wá di àìsàn gidi. Bí ìtọ̀ bá há, ẹ tètè gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn.