Ìdáàbòbò Iná Mànàmáná Nínú Ọkọ̀ Òkun Tí Wọ́n Pín sí Ẹkùn

Bí wáyà méjì bá kan ara wọn nínú ilé kan láàrin ìlú, fíúsì yóò jó, òkùnkùn yóò bo ilé, àwọn ará ilé yóò sì tan àtùpà títí oníṣẹ́ iná yóò fi dé. Ojú òkun kò gba irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òkun ìgbàlódé, iná mànàmáná ni ó ń ti ọkọ̀ síwájú, òun ni ó ń darí rẹ̀, òun náà ni ó ń fa omi tí ó bá ya wọlé jáde. Nítorí náà, ìdáàbòbò tí ó kàn ń pa iná nígbàkígbà tí àbùkù bá yọjú kò tíì ṣe ju ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ibi tí ó bàjẹ́ nìkan ni ó yẹ kí ó gé kúrò.

Ní ìdájí ọjọ́ 23 oṣù September, ọdún 2010, bí ọkọ̀ èrò Queen Mary 2 ti ń súnmọ́ Barcelona, kàpásítọ̀ kan bú gbàmù nínú yàrá ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí ẹ̀rọ tí ń sẹ́ iná 11,000 fóòtì bí ẹni sẹ́ ògì wà. Kò pẹ́ tí àwọn mọ́tò tí ń ti ọkọ̀ fi dákẹ́, tí gbogbo ọkọ̀ sì ṣókùnkùn. Ẹnikẹ́ni kò farapa, ṣùgbọ́n ó tó bí wákàtí kan kí ọkọ̀ náà tó tún gbéra. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba fi hàn pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí ìbá ti kìlọ̀ pé kàpásítọ̀ náà ń gbó kò ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan. Yàrá kan ni àbùkù wà. Gbogbo ọkọ̀ ni ó jìyà rẹ̀.

Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ gbà ń dín irú èyí kù ni pípín ọkọ̀ sí ẹkùn. Wáyà ńlá méjì ni wọ́n máa ń fà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, èkejì ní apá òsì. Ẹkùn kọ̀ọ̀kan sì lè fa iná lára èyíkéyìí nínú méjèèjì. Irú ètò bẹ́ẹ̀ wà nínú ọkọ̀ ogun Zumwalt ti Amẹ́ríkà, tí ó wọ iṣẹ́ ológun ní ọdún 2016. Ṣùgbọ́n ààlà lásán kò dá nǹkan kan dúró. Bíréékà ni yóò ṣe é, bíréékà sì gbọ́dọ̀ mọ ẹkùn tí àbùkù wà.

Ọ̀nà àtijọ́ ni kí bíréékà máa fi bí ìṣàn iná ti pọ̀ tó dá àbùkù mọ̀: èyí tí ó súnmọ́ ọn jù lọ yóò tètè já, èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò dúró díẹ̀ ná. Èyí dára fún iná tí ń lọ tí ń bọ̀. Bí irú iná bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ 60 hertz, a máa di òfo ní ìgbà 120 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà náà sì ni bíréékà ń rí àyè pa iná tí ń fò láàrin irin rẹ̀. Iná tí ń lọ sí apá kan ṣoṣo, irú èyí tí wọ́n ń pín fún àwọn ẹkùn Zumwalt, kì í di òfo bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó tún mú ọ̀rọ̀ le ni pé kàpásítọ̀ inú àwọn ẹ̀rọ tí ń yí iná padà a tú ohun tí ó wà nínú wọn sínú àbùkù kí ojú tó ṣẹ́. Lẹ́yìn náà, àwọn ẹ̀rọ yìí fúnra wọn lè dín ìṣàn náà kù, kí bíréékà tí ń retí ìṣàn ńlá má sì rí nǹkan kan.

Ìdí nìyí tí fífi ohun tí ó wọlé wé ohun tí ó jáde fi sàn jù, gẹ́gẹ́ bí Merz àti Price ti gbé e kalẹ̀ ní Ìlú Ọba ní ọdún 1904. Ó dà bí oníbodè méjì tí ń ka ẹrù ní ẹnu ọ̀nà méjèèjì: bí iye kò bá bára mu, àárín wọn ni ẹrù ti sọnù, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Àwọn oníbodè náà gbọ́dọ̀ lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ kíákíá. Ọkọ̀ tí ọ̀tá bá yìn níbọn sì lè pàdánù wáyà ìbánisọ̀rọ̀ yìí ní àkókò tí ó nílò rẹ̀ jù lọ, nítorí náà kò bọ́gbọ́n mu láti pa ọ̀nà àtijọ́ tì pátápátá.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí oníṣẹ́ iná orí ilẹ̀ lè má fura sí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wọn kì í so iná mọ́ ara irin ọkọ̀. Bí wáyà kan bá fara kan irin, iná kò ní kú, iṣẹ́ yóò máa lọ. Àǹfààní ni, ṣùgbọ́n àbùkù náà wà níbẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, àfi bí ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ọ bá ké. Bí wáyà mìíràn bá tún fara kan irin nínú ẹkùn mìíràn kí wọ́n tó rí ti àkọ́kọ́, irin ọkọ̀ yóò so méjèèjì pọ̀, bíréékà ẹkùn méjì ni ó sì lè já lẹ́ẹ̀kan náà.