Eruku Ọyẹ́ Kò Ráyè Wọ Pálọ̀ Ìyá Ìbejì

Ọyẹ́ ti bo Ọjà Tìmì mọ́lẹ̀ nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀. Eruku tí afẹ́fẹ́ gbé wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà àti iyẹ̀pẹ̀ pupa tí àwọn ọlọ́kadà ń tú sókè jọ ń bà lé orí tòmátì, orí aṣọ títà àti ìpéǹpéjú gbogbo wa. Ọ̀fun mi gbẹ. Òórùn ẹja gbígbẹ ń bọ̀ láti apá kan, ti ata lílọ̀ láti apá kejì, ẹ̀rọ ìlọta sì ń ké tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pariwo ká tó gbọ́ ara wa.

Ìyá oníìgbálẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó ń fi ọ̀bẹ ha ewé kúrò lára imọ̀ ọ̀pẹ, ó sì ń to ọwọ̀ jọ sórí itan.

“Ẹ kú ọjà o, Màmá. Èwo ló dára fún pálọ̀?”

“Èyí tó rọ̀ ni, ọmọ mi. Èyí tó le, ti àgbàlá ni. Bóo bá fi gbá orí táìlì, ńṣe ni eruku á máa fò kiri.”

Ìyá Ìbejì, oníbàárà tó béèrè, ra méjì nínú èyí tó rọ̀. Mo tẹ̀lé e lọ sílé, lẹ́bàá títì kan tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí. Ibi àtẹ̀gùn ni mo ti dúró: àpò ìrẹsì tí wọ́n rẹ sómi tí wọ́n sì fún wà níta, àkísà gbígbẹ wà nínú, bàtà sì tò lọ lára ògiri. Mo bọ́ tèmi, mo nu ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àpò náà pọ́n.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ onísìmẹ́ńtì, ìyá ọkọ rẹ̀ ti gbé igbá omi. Ó ń fi ìka wọ́n omi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń gbálẹ̀ láti kọ̀rọ̀ bọ̀ síhà ẹnu ọ̀nà, eruku náà sì wà nílẹ̀ bó ṣe wà, òórùn rẹ̀ dà bíi ti òjò àkọ́rọ̀. Màmá ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ilẹ̀ amọ̀ ni wọ́n ń gbé, ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n fi ń pa á kó má baà yọ eruku.

Orí táìlì yàtọ̀. Omi tí a bá wọ́n síbẹ̀ á sọ eruku di ẹrẹ̀. Ìyá Ìbejì kọ́kọ́ ti fèrèsé tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ó gbálẹ̀ ní gbígbẹ, ó wá gbé garawa méjì kalẹ̀. Omi ọ̀kan ní ọṣẹ díẹ̀, ìwọ̀nba ṣíbí kan. Èkejì, omi lásán, ibẹ̀ ló ti ń ṣan àkísà kó tó padà sínú olọ́ṣẹ. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń da ọṣẹ sí i títí á fi hó, ilẹ̀ á sì máa lẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀. Ọṣẹ tí a kò ṣan kúrò máa ń di eruku mú.

Òórùn Hypo ta sí wa láti ilé kejì, ó gún mi nímú. Mo bi Ìyá Ìbejì bóyá òun náà ń pò ó mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá.

“Láéláé!”

Ó tọ̀nà. Gáàsì olóró tí wọ́n ń pè ní chlorine ló ń jáde lára àdàlù méjèèjì, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ìyàwó ilé kejì yọjú, ó kúnlẹ̀ kí Màmá, ó wo ilẹ̀ títí.

“Ìyá Ìbejì, níbo lẹ ti ra ìnusẹ̀ tó wà níta yẹn?”

“Àpò ìrẹsì ni jàre. Ó wà nílé yín náà.”