Ọ̀kẹ́rẹ́ Nínú Ilé

Ẹ̀yin ọmọ, àwọn àgbà máa ń pa á lówe pé, "Ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá." Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ òwe yìí rí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Dùgbẹ̀ lè má tíì fojú kan ọ̀kẹ́rẹ́ lórí igi rí. Mọ́tò, ṣọ́ọ̀bù, ilé ìfowópamọ́ àti èrò ọjà ni ó kún Dùgbẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ a máa dé ìgboro nígbà mìíràn, nínú agbọ̀n tàbí nínú àpò ẹ̀wù, nígbà tí ẹnì kan bá ti oko dé. Bí ó bá dé ọwọ́ ọmọdé, kíá ni ọmọ náà yóò fẹ́ràn rẹ̀, tí yóò sì fẹ́ kí ó di ẹran ọ̀sìn òun. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a óò kà nípa bí a ti ń bọ́ ọ̀kẹ́rẹ́, àti bí ó ti ń lo ọjọ́ rẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn.

Ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ́ ẹranko kékeré tí ó bá eku tan. Ìrù rẹ̀ gùn, ó sì nírun. Ìrù yìí kì í jẹ́ kí ó ṣubú nígbà tí ó bá ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Bí ẹ̀rù bá bà á, á máa ju ìrù náà, á sì máa ké kíkankíkan. Ẹ má ṣe pe ikún ní ọ̀kẹ́rẹ́ o. Inú ihò nínú ilẹ̀ ni ikún ń gbé, ilà funfun kan sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Orí igi ni ilé ọ̀kẹ́rẹ́. Òun àti òkété náà kò jọra: òru ni òkété ń jáde, ọ̀sán sì ni ti ọ̀kẹ́rẹ́. Bí oòrùn bá wọ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ ti sùn.

Báwo ni ẹran orí igi ṣe ń dé Dùgbẹ̀? Gbogbo yín ni ẹ mọ Ilé Kòkó. Àjà 26 ni ó ní, ọdún 1965 ni a sì parí rẹ̀. Owó tí a rí lórí kòkó àti irè oko mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ni a fi kọ́ ọ. Bí ẹ bá bi àgbẹ̀ oníkòkó léèrè àwọn ẹranko tí ń bá òun jẹ kòkó lórí igi, yóò dárúkọ ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ a máa fi eyín lu èso kòkó, a sì máa jẹ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Nítorí èyí ni àgbẹ̀ ṣe ń dẹ pàkúté fún un, tí ọdẹ sì ń yìnbọn fún un. Ẹran rẹ̀ sì tún dùn lọ́bẹ̀. Bí ìyá bá kú, ọmọ á ṣẹ́kù sínú ìtẹ́ tàbí sínú ihò igi. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbé wá sí ìlú. Nítorí náà, ọmọ òrukàn ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ tí à ń sìn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ tí ó já bọ́ ni ìyá rẹ̀ ti kú. Bí ẹ bá rí ọ̀kan lábẹ́ igi, ẹ pe àgbàlagbà kí ó fi aṣọ gbé e sínú páálí kékeré ní ìdí igi náà, kí ẹ sì takété sí i. Ìyá rẹ̀ lè padà wá fi ẹnu gbé e lọ.

Ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ kò tíì là kò lè jẹ ẹ̀pà. Ooru ni ohun àkọ́kọ́ tí ó ń fẹ́, kì í ṣe oúnjẹ. Bí ara rẹ̀ bá tutù, tí a sì rọ wàrà sí i lẹ́nu, wàrà náà kò ní dà nínú rẹ̀, ó sì lè kú. A óò rọ omi gbígbóná sínú ìgò, a óò fi aṣọ wé ìgò náà dáadáa, a óò sì tẹ́ ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi móoru. Wàrà màlúù inú agolo máa ń fún un ní ìgbẹ́ gbuuru. Wàrà ewúrẹ́, tàbí èyí tí a ṣe fún ọmọ ajá, ni ó sàn jù. Síríǹjì tí a ti yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni a fi ń fún un, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Kí ó da àyà délẹ̀ ni o. A kì í dá a dùbúlẹ̀ bí ìgbà tí àwọn ìyá ń rọ ọmọ lágbo, nítorí wàrà lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Lẹ́yìn oúnjẹ, a óò fi òwú tí a rì sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nu ìdí rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ó lè tọ̀. Ahọ́n ni ìyá rẹ̀ ì bá fi ṣe é. Ní bí i wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta ni a ń ṣe gbogbo èyí, tọ̀sán-tòru. Iṣẹ́ àgbàlagbà ni. Bí agogo ilé-ìwé bá lù, ta ni yóò bọ́ ọ?

Nígbà tí ojú rẹ̀ bá là tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ nǹkan líle, àwọn ọmọdé máa ń rò pé wàhálà ti tán. Ibẹ̀ gan-an ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo iye oúnjẹ tí wọ́n ń tà lójú pópó ní Dùgbẹ̀: gúgúrú àti ẹ̀pà, bọ̀ọ̀lì, búrẹ́dì, bísíkíìtì. Kò sí èyí tí ọ̀kẹ́rẹ́ kò ní tọ́ wò nínú wọn. Ẹ̀pà ni ó fẹ́ràn jù. Bí ó bá ti rí ẹ̀pà, yóò sọ ìbẹ́pẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tí ó fẹ́ràn ọ̀kẹ́rẹ́ rẹ̀ yóò sì máa fún un ní ẹ̀pà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, inú àwọn méjèèjì yóò sì máa dùn. Nígbà tí ó bá pẹ́ díẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ náà kò ní fẹ́ fò mọ́. Yóò máa wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nílẹ̀. Bí ó bá já bọ́ láti orí àga lásán, egungun rẹ̀ lè kán.

Kí ni ó fà á? Ara ẹranko ń fẹ́ èròjà kan tí à ń pè ní kálísíọ̀mù, òun ni ó ń mú egungun le. Kálísíọ̀mù inú ẹ̀pà, àgbàdo àti búrẹ́dì kò tó nǹkan. Èròjà mìíràn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ni ó pọ̀ nínú wọn. Bí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá pọ̀ jù, kì í jẹ́ kí ara rí kálísíọ̀mù díẹ̀ tí ó wà nínú oúnjẹ lò. Ẹ̀jẹ̀ kò sì lè ṣe aláìní kálísíọ̀mù. Bí kò bá rí i nínú oúnjẹ, inú egungun ni ó ti ń lọ yá a. Bí ó bá ń yá a lójoojúmọ́ tí kò sí ẹni tí ń san án padà, egungun á fúyẹ́, á sì rọ̀. Àìsàn yìí ti pa ọ̀kẹ́rẹ́ púpọ̀ ní ilé àwọn ènìyàn káàkiri ayé, kì í sì í ṣe pé àwọn tí ń sìn wọ́n kò fẹ́ràn wọn.

Nínú igbó, ọ̀kẹ́rẹ́ kì í jẹ oúnjẹ oríṣi kan. Ó ń jẹ èso igi, eyin ọ̀pẹ, hóró, ọ̀mùnú ewé, òdòdó, ikán, eèrà, àti ẹyin ẹyẹ pàápàá nígbà mìíràn. Ohun tí ó jọ èyí ni kí á wá fún un nínú ilé. Láàárọ̀, nígbà tí ebi ń pa á jù, ewébẹ̀ àti èso ni kí á kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀: ilá, kárọ́ọ̀tì, ewé mọ̀ríńgà, ìbẹ́pẹ, gúrọ́fà tàbí mángòrò ní àsìkò rẹ̀. Tata tàbí èsúnsún tí ó yí àtùpà ká ní àsìkò òjò dára fún un gidigidi. Èèpo ẹyin kì í ṣe ohun tí à ń dà nù ní ilé tí ọ̀kẹ́rẹ́ wà. A óò sè é, a óò sá a, a óò lọ̀ ọ́ kúnná, a óò sì bu ìwọ̀nba díẹ̀ lé èso rẹ̀. Ẹ̀pà ń kọ́? Ẹyọ kan tàbí méjì lóòjọ́ ti tó, kò sì gbọdọ̀ níyọ̀. Ẹ̀pà tí ó bá ti bu ní májèlé nínú, ẹ má ṣe fún un, kí ẹ̀yin náà má sì ṣe jẹ ẹ́.

Oúnjẹ nìkan kò tó. Oòrùn ni ó ń ran ara lọ́wọ́ láti lo kálísíọ̀mù náà. Irú ọ̀kẹ́rẹ́ kan wà ní ilẹ̀ wa tí àwọn onímọ̀ fi oòrùn sọ lórúkọ, nítorí pé ó máa ń nà gbalaja lórí ẹ̀ka láti yá oòrùn. Nítorí náà, kí á máa gbé ilé rẹ̀ síta láàárọ̀, kí apá kan rẹ̀ wà ní ibòji. Oòrùn tí ó gba inú gíláàsì fèrèsé wọlé kò ṣe iṣẹ́ yìí. Kí ẹnì kan dúró tì í, nítorí ológbò ń bẹ ní àgbàlá, àṣá sì ń bẹ lókè.

Báyìí ni ọjọ́ ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe ń lọ. Kí mọ́tò tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè ní títì, ó ti jí. Yóò fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú, yóò jẹun, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Bí a bá ṣí i sílẹ̀ nínú yàrá, orí aṣọ fèrèsé ni yóò kọ́kọ́ gùn. Bí oòrùn bá mú lọ́sàn-án, á sùn díẹ̀. Lójú àwọn ọmọdé, eré tí ó dùn jù ni bí ó ti ń fi oúnjẹ pamọ́: ẹ óò bá ẹ̀kùrọ́ nínú bàtà, ẹ óò bá ìbẹ́pẹ jíjẹrà lábẹ́ ìrọ̀rí. Èyí kò dùn mọ́ àwọn ìyá nínú. Kì í kọ́ ibi ìgbọ̀nsẹ̀ bí ológbò.

Eyín iwájú rẹ̀ mẹ́rin kì í ṣíwọ́ dídàgbà títí tí yóò fi kú. Bí kò bá rí ohun líle rún, eyín náà á gùn títí kò fi ní lè pa ẹnu dé. Ẹ̀kùrọ́ tí a kò tíì pa, egungun ewúrẹ́ àti ẹ̀ka gúrọ́fà ni kí á fi sí i lọ́dọ̀. Bí a kò bá fi sí i, ìwé yín, ẹsẹ̀ àga àti wáyà iná ni yóò máa jẹ, wáyà iná sì lè pa á. Ilé onírin tí ó ga, tí ẹ̀ka igi àti àpótí kékeré tí yóò máa sùn wà nínú rẹ̀, ni ó yẹ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé inú páálí tí kò ti lè yíra padà ni yóò máa wà, èmi rò pé ó sàn kí á má sìn ín rárá.

Bí ọ̀kẹ́rẹ́ bá dàgbà, ìwà rẹ̀ lè yí padà. Ó lè bu ẹni tí ó fún un ní wàrà jẹ, kì í sì í ṣe àìmoore. Ẹni tí ó bá bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sọ fún àgbàlagbà, kí ó sì lọ sí ilé-ìwòsàn. Ẹranko ìgbẹ́ lè ní àrùn lára láìjẹ́ pé ó hàn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2003, wọ́n kó ẹranko kéékèèké bí i 800 láti Gánà lọ sí Amẹ́ríkà fún títà. Ọ̀kẹ́rẹ́ àti òkété wà nínú wọn. Àwọn kan lára wọn ní àrùn mpox, ó ran àwọn ẹranko Amẹ́ríkà tí a kó sí tòsí wọn, ó sì ti ara ìwọ̀nyí dé ara ènìyàn. Àwọn 47 ni a kà mọ́ àwọn tí ó kó o. Kò sí ẹni tí ó kú nínú wọn, ṣùgbọ́n ọdún náà ni Amẹ́ríkà fòfin de kíkó irú ẹranko bẹ́ẹ̀ wọlé láti Áfíríkà. Ẹ máa fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, kí ẹ má sì ṣe fi ẹnu kò ó lẹ́nu. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, ilé-ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan sin ọ̀kẹ́rẹ́ kan fún nǹkan bí ọdún méje. Mọ́tò ni ó pa ìyá rẹ̀. P'Nut ni wọ́n ń pe ọ̀kẹ́rẹ́ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni Ẹ̀pà. Àìmọye ènìyàn ni ó mọ̀ ọ́n tí wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ìpínlẹ̀ New York kò gbà kí á sin ẹranko ìgbẹ́ láìgba ìwé àṣẹ. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 2024, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá gbé e lọ. Wọ́n ní ó bu ọ̀kan nínú wọn jẹ, wọ́n sì pa á kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ní àrùn dìgbòlugi. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò jáde, kò ní in.

Ọ̀kẹ́rẹ́ tí ara rẹ̀ le, tí kò sì fẹ́ kí á gbé òun mọ́, ti ń wá igi lọ. A kì í tú u sílẹ̀ ní Dùgbẹ̀, a kì í sì í tú u sí oko kòkó. Ibi tí igi pọ̀ tí a kì í ti í ṣọdẹ ni kí àwọn àgbà bá a wá, kí wọ́n sì kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ibẹ̀. Kí dókítà ẹranko ti yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó lọ. Wọn yóò gbé ilé rẹ̀ lọ sí ìdí igi, wọn yóò sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ní títì fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó lè mọ òórùn ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀, wọn yóò sì máa gbé oúnjẹ sínú rẹ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ó lè padà wá sùn síbẹ̀. Bí wọ́n bá wá débẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tí wọ́n bá oúnjẹ àná bí wọ́n ti gbé e kalẹ̀, kí wọ́n dúró di ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Bí kò bá tíì kan án síbẹ̀, wọ́n lè gbé ilé náà padà sí Dùgbẹ̀.