Apá Tí Ń Bá Ẹsẹ̀ Rìn

Nígbàkúùgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń yan kọjá níwájú àlejò ní ọjọ́ eré ìdárayá, kì í ṣàìsí ọmọ kan tí apá ọ̀tún rẹ̀ ń bá ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ. Àwọn òǹwòran a sì rẹ́rìn-ín. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé ọmọ yìí ń lo agbára ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Steven Collins, Peter Adamczyk àti Arthur Kuo, àwọn onímọ̀ nípa bí ara ènìyàn ṣe ń rìn, tẹ ìwádìí kan jáde lórí èyí ní ọdún 2009. Wọ́n wọn ọ́síjìn tí àwọn tí ń rìn ń lò, nítorí òun ni a fi ń mọ iye agbára tí ara ń ná. Nígbà tí àwọn ènìyàn náà di apá wọn mú sí ẹ̀gbẹ́ láì jẹ́ kí ó mì, agbára tí wọ́n ná fi ìdá 12 nínú 100 pọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí apá máa bá ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan náà lọ, bí ọmọ tí a rẹ́rìn-ín sí yẹn, ó di ìdá 26.

Kí ló fà á? Bí a bá ju ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, ara a fẹ́ yí sí òsì. Apá òsì tí ó ń bọ̀ síwájú lásìkò kan náà ni ó ń dá a dúró. Herbert Elftman ti ṣàlàyé èyí láti ọdún 1939. Bí apá bá kọ̀ tí kò ṣe iṣẹ́ yìí, àtẹ́lẹsẹ̀ ni yóò di ilẹ̀ mú kí ara má baà yí. Nínú ìwádìí ọdún 2009, ipá tí àtẹ́lẹsẹ̀ fi ń lọ́ mọ́ ilẹ̀ fi ìdá 63 nínú 100 pọ̀ sí i nígbà tí apá kò fì. Apá fúnra rẹ̀ kò gba nǹkan púpọ̀. Ó so rọ̀ láti èjìká, ó ń fì bí irin inú aago ògiri àtijọ́. Iṣan èjìká kàn ń tì í díẹ̀díẹ̀ ni. Owó táṣẹ́rẹ́ ni a ń san níbẹ̀, èrè rẹ̀ sì pọ̀.

Nítorí náà ni a kò fi fara mọ́ kí ọmọ máa gbá ìwé mọ́ àyà lọ sí ilé-ìwé lójoojúmọ́. Ẹ ra àpò àgbékọ́ ẹ̀yìn fún un, kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lè sọ̀ kalẹ̀. (Ẹni tí ó ń rìn láti dín sísanra kù lè sọ pé ìnáwó agbára gan-an ni òun ń wá, kí onítọ̀hún kúkú rìn jìnnà sí i.)

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn àgbàlagbà ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilé wa jù. Apá kan tí kò fì mọ́ nígbà tí èkejì ń fì wà lára àmì tí àrùn Parkinson fi ń kọ́kọ́ yọjú, nígbà mìíràn kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àìsàn èjìká tàbí rọpárọsẹ̀ náà lè fa irú rẹ̀. Àwọn ará ilé a máa sọ pé ogbó ni. Ogbó kì í sábà mú apá kan kí ó fi èkejì sílẹ̀. Bí bàbá tàbí ìyá bá ń rìn, tí wọn kò di Bíbélì tàbí àpò mú, ẹ wo ọwọ́ wọn láti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí ìyàtọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ọwọ́ tí ó jẹ́ àti ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀, kí ẹ sì mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà.