Ọkọ tó fipá bá ìyàwó ẹ̀ sùn, ṣé òfin lè mú un?

Ní Ìlútitun, Igbótako àti káàkiri ilẹ̀ Ọ̀ṣooro, wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ yìí lójú ọjà. Obìnrin tí ọkọ ẹ̀ fipá bá lò pọ̀ lóru, bó bá sá dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe ọkọ ẹ ni? Ṣé kò sanwó orí ẹ ni?" Ibẹ̀ lẹjọ́ máa ń parí sí.

Ṣùgbọ́n ẹ má dá àṣà nìkan lẹ́bi o. Òfin gan-an ló gbè sẹ́yìn ọkọ. Nínú ìwé òfin ọ̀daràn tí àwọn òyìnbó gbé kalẹ̀ fún Nàìjíríà lọ́dún 1916, èyí tí gúúsù ṣì ń lò, ọkọ kò lè jẹ̀bi pé ó fipá bá ìyàwó ẹ̀ lò pọ̀. Ẹlòmíì tó bá dán an wò lè fẹ̀wọ̀n gbére jura. Bí ọkọ bá lu ìyàwó ẹ̀ lálùbolẹ̀, lílù yẹn ni wọ́n lè tìtorí ẹ̀ mú un.

Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni èrò ọ̀hún ti wá. Àwọn fúnra wọn ti jáwọ́ ńbẹ̀ lọ́dún 1991, nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ ní ìgbéyàwó kì í ṣe ìwé àṣẹ ìfipábánilòpọ̀.

Àwọn kan ní ẹ̀sìn Mùsùlùmí ni kò gbà á. Lóòótọ́, ìwé òfin tòkè Ọya náà yọ ọkọ sílẹ̀, bí ìyàwó bá ti bàlágà. Àmọ́ Indonéṣíà, tí Mùsùlùmí kún bámúbámú, ti ṣòfin tó de ọkọ lọ́dún 2004. Òfin ti Tọ́kì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2005, bí ìyàwó bá ti fẹjọ́ sùn.

Nílé ńbí, Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tó ta ko ìwà ipá lọ́dún 2015. Kò síbi tó ti yọ ọkọ sílẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 12 ló kéré jù fún àgbàlagbà tó bá jẹ̀bi. Abùjá nìkan ni òfin yẹn múlẹ̀, àfi kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe tiẹ̀. Oǹdó ṣe tiẹ̀ lọ́dún 2021, láyé Gómìnà Rótìmí Akérédolú tó ti dolóògbé.

Òfin ti wà nílẹ̀, ta ló máa lò ó? Ọlọ́pàá lè ní kí tọkọtaya lọ parí ẹ̀ nílé, mọ̀lẹ́bí á ní kí wọ́n má tú àṣírí. Obìnrin tó bá kàn kó tètè dé ọsibítù kó tó wẹ̀, kó má fọ aṣọ tó wọ̀, kó sì gba ìwé dókítà.

Ẹ̀yin ọkọ, owó orí ni ẹ san, ẹ ò ra ẹrú o.