Bí awò tí ọmọ yín fi ń wo ìràwọ̀ bá ń há, ẹ má tíì pa á tì

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ra awò awọ̀nàjíjìn fún ọmọ, tàbí tí ẹ bá a fi pákó kan ọ̀kan, ẹ ó ti rí i: ọmọ fẹ́ wo Júpítà, ó rọra ti awò náà, kò lọ. Ó tún tì í díẹ̀ sí i, ló bá fò kọjá. Júpítà ti sọnù. Tó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọmọ á padà sídìí tẹlifíṣọ̀n, owó yín á sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ayé tó ń yí kò sì ní dúró dè é. Ó ní láti máa ti awò náà díẹ̀díẹ̀ tẹ̀ lé ohun tó ń wò.

Kì í ṣe dígí ló bàjẹ́, ìdí rẹ̀ ni. John Dobson ló sọ irú ìdí onípákó tó dà bí àpótí yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ní San Francisco, ní Amẹ́ríkà, ni òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1968, tí wọ́n ń gbé awò sẹ́bàá títì kí àwọn tó ń kọjá lè wo ọ̀run lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kú ní 2014. Ọgbọ́n rẹ̀ kò le: ègé Teflon mẹ́ta, nǹkan kan náà tó wà nínú páànù tí ẹyin kì í lẹ̀ mọ́, ló ń yọ̀ lórí fọmáíkà.

Ẹ tú bóòtù àárín, ẹ ya pákó òkè kúrò lára ti ìsàlẹ̀. Eruku lẹ máa kọ́kọ́ bá. Ẹ fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nù ún, kì í ṣe omi rẹpẹtẹ o, torí pákó tó bá mumi á wú. Bí orí ìṣó tó mú Teflon bá yọ síta, òun ló ń ha fọmáíkà. Ẹ lù ú wọlé. Kí ègé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lókè ẹsẹ̀ mẹ́ta tí ìdí náà fi dúró gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ fi wax tí wọ́n fi ń mú ara mọ́tò dán pa ojú fọmáíkà, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ wá nù ún.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi òróró tàbí gírísì sí i. Mo mọ̀ pé ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí bàbá lọ́kàn nìyẹn, ṣùgbọ́n eruku ló máa fà mọ́ra, á wá há ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Tẹ́ ẹ bá ń dá bóòtù padà, ẹ má fún un pa. Bó bá ṣì le, ẹ gé òrùka lára ike omi, kẹ́ ẹ kì í bọ bóòtù náà láàárín pákó méjèèjì. Á bá Teflon gbé díẹ̀ nínú ẹrù. Bó bá wá ń yọ̀ jù tí afẹ́fẹ́ ń tì í, ẹ yọ ọ́.

Ẹ̀yin àgbà tí oríkèé ń dùn, ẹ̀yin gan-an ni ìdí tó ń yọ̀ dáadáa máa tù lára jù. Ẹ jókòó sórí àpótí, ẹ má bẹ̀rẹ̀.

Ewu kan wà o. Awò tó ti ń yí wẹ́rẹ́, ọmọ lè yí i kọjú sí oòrùn. Kíákíá nìyẹn ń fọ́ ojú, kò sì ní dun ọmọ nígbà tó ń ṣẹlẹ̀. Lójú ọ̀sán, kí awò wà nínú ilé pẹ̀lú ìdérí rẹ̀.

Tílẹ̀ bá ṣú, ẹ dán an wò lórí òṣùpá. Ẹ fi ìka kan ṣoṣo tì í. Bó bá ń tẹ̀ lé ìka yín láìfò, ẹ pe ọmọ yẹn síta.