Igi Tó Ń Bu Nínú Ilé

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ẹ ń gbé ní Mowe, Ibafo àti Ifo, ní àsìkò òjò yìí, àwọn ọmọ tí ikọ́ kò jẹ́ kí wọ́n sùn máa ń pọ̀ ní dìsípẹ́ńsárì. Kí n tó mú ìgò òògùn, mo máa ń bi ìyá wọn pé: Níbo ni ọmọ yìí ń sùn? Kí ló wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù ibẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wa ló rẹlẹ̀, tí ó sì jẹ́ àbàtà. Ọ̀rinrin a máa gba ara ògiri gòkè, a sì wọ inú igi. Bí igi bá tutù fún ọjọ́ kan sí méjì, nǹkan funfun, dúdú tàbí aláwọ̀ ewé, tó dà bí ìyẹ̀fun, lè bẹ̀rẹ̀ sí hù lára rẹ̀. Ìbátan olú ni. Irúgbìn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí atẹ́gùn fi ń gbé e wọ imú. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní 2009 pé ikọ́, èémí tó ń há àti ásímà pọ̀ lára àwọn tó ń gbé inú ilé bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan a kun ọ̀dà lé e. Ọ̀dà kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ibi tí omi ti ń wọlé ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ dí páànù tó ń jò, kí ẹ sì la ojú gọ́tà. Ẹ sún kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, kí ẹ fi nǹkan gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Ẹ má sá aṣọ tútù sínú yàrá. Bí oòrùn bá yọ, ẹ ṣí fèrèsé.

Bí igi bá ti bu, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, kí ẹ fi aṣọ bo imú. Ẹ má gbá a ní gbígbẹ, yóò fọ́n ká. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dénú. Omi bílíìsì tí a fi ń fọ aṣọ funfun kì í wọ inú igi lọ títí. Ẹ má sì pa á pọ̀ mọ́ òògùn tí a fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ olóró ni yóò jáde.

Igi tí ọ̀bẹ bá wọ̀ lára wẹ́rẹ́ ti jẹrà. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ìrókò máa ń pẹ́ ju arère lọ níbi ọ̀rinrin.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìhà rẹ̀ ń wọnú bí ó ti ń mí, tàbí tí kò lè mu ọmú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ padà wá tọ́jú igi.